Kí Awakọ̀ Tó Gba Kọ́kọ́rọ́

Nígbàkúùgbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń dárúkọ ni eré àsápajúdé, táyà tó bẹ́, bíréèkì tó já, tàbí kòtò tó wà láàárín títì. Òótọ́ ni pé gbogbo wọn ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n apànìyàn kan wà láàárín wọn tí kì í fi àmì sílẹ̀. Táyà tó bẹ́ yóò wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, a sì lè fi ẹ̀rọ yẹ èémí ẹni tó mutí wò, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè fi wọn oorun tó gbé awakọ̀ lọ, nítorí pé ariwo ìjàǹbá náà fúnra rẹ̀ yóò ti jí i, bí ó bá ṣì wà láàyè. Nípa oorun yìí ni mo fẹ́ kọ̀wé lónìí, pàápàá oorun àwọn tó ń wa ọkọ̀ akérò àti tírélà lọ sí ọ̀nà jíjìn, nítorí pé ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí wa ń wà láti gáréèjì kan dé òmíràn.

Ọmọ awakọ̀ ni mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi fi wa ọkọ̀ ẹrù láti Ìbàdàn lọ sí Kano, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá máa gbéra nírọ̀lẹ́, ọ̀sán ọjọ́ náà kì í ṣe ọ̀sán tí ọmọdé lè fi ṣeré nínú ilé wa. Màmá mi á fa kọ́tìnnì bo ojú fèrèsé, wọ́n á gbé rédíò kúrò ní pálọ̀, wọ́n á sì rán àwa ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá wa àgbà. Ẹni tó bá wá kí bàbá á gbọ́ pé wọ́n ń sùn, kò sì sí ẹni tí yóò jí wọn, ì báà ṣe olórí ẹbí ló dé. Àwọn ará àdúgbò kan rò pé màmá mi ń kẹ́ ọkọ wọn jù. Nígbà tí mo dàgbà ni ó yé mi pé iṣẹ́ tí màmá ń ṣe lọ́sàn-án yẹn wà lára ohun tó ń gbé ẹrù dé Kano, gẹ́gẹ́ bí epo inú táǹkì ṣe wà lára rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ òde òní kò ní ilé tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì ní ọ̀sán tí wọ́n lè fi sùn.

Nǹkan méjì ló ń fa oorun wá sójú ènìyàn. Èkínní ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine, tó máa ń gbára jọ sínú ọpọlọ láti ìgbà tí a bá ti lajú lówùúrọ̀. Bí wákàtí tí a fi wà lójúfò bá ṣe pọ̀ tó ni èròjà náà ṣe ń pọ̀ tó, oorun nìkan ló sì lè gbá a kúrò. Èkejì ni aago inú ara, tí ibùjókòó rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, tó ń wo ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn láti inú ojú wa, tó sì ń sọ fún ara ìgbà tó yẹ kó gbóná àti ìgbà tó yẹ kó tutù, ìgbà tó yẹ kó jí àti ìgbà tó yẹ kó sùn. Ní 2017, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ará Amẹ́ríkà, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára eṣinṣin kékeré láti mọ bí aago yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wọn fi hàn pé inú àbùdá ẹ̀dá gan-an ni aago náà wà. Nítorí náà, kò sí ìgboyà tàbí ìpinnu tó lè dá a dúró, bí kò ṣe sí ìpinnu tó lè dá ebi dúró.

Láàárín aago méjì òru sí aago mẹ́fà àárọ̀ ni aago yìí máa ń fa ara wálẹ̀ jù lọ, ó sì tún máa ń fà á díẹ̀ láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: àkókò tí ara kò fẹ́ ṣiṣẹ́ rárá ni ọkọ̀ òru máa ń sáré jù, nítorí pé ọ̀nà ti dá, ẹ̀ṣọ́ kò sí, ìmọ́lẹ̀ kò sí, àwọn èrò sì ti sùn fọnfọn lẹ́yìn awakọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọjọ́ awakọ̀ kan tó ń lọ láti Èkó sí Àbújá lóru. Aago márùn-ún ìdájí ló jí, nítorí pé ó fẹ́ tètè dé gáréèjì láti gba nọ́ńbà. Gbogbo ọ̀sán ló fi jókòó sí abẹ́ igi, láàárín ariwo àwọn agbèrò àti èéfín ọkọ̀, tó ń dúró kí ọkọ̀ kún. Ó gbéra ní aago méje alẹ́. Nígbà tí yóò bá fi di aago mẹ́wàá, ó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 bẹ́ẹ̀ ni kò tíì rìn jìnnà. Àwọn olùwádìí ní Australia, tí iṣẹ́ wọn jáde ní 1997, fi hàn pé ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 máa ń ṣe bí ẹni tí ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ṣe òpin fún ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀. Bí ó bá di wákàtí 24, ó ti dà bí ẹni tí tirẹ̀ tó 0.10. Awakọ̀ wa yìí kò fi ẹnu kan ọtí, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń gbàwẹ̀ tó sì ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ní aago márùn-ún ìdájí kejì, ọwọ́ tó fi di ìdarí ọkọ̀ mú kò yàtọ̀ sí ọwọ́ ọ̀mùtí.

Ohun tí oorun yóò kọ́kọ́ ṣe fún un ni pé yóò gbé e lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, nígbà mìíràn pẹ̀lú ojú rẹ̀ ní lílà. Òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan máa ń gba nǹkan bíi mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ọkọ̀ náà ti rin ọ̀nà tó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ láìsí ẹni tó ń wà á. Ìdí nìyí tí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ fi máa ń burú ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó lajú, bó tilẹ̀ ń sáré àsápajúdé, á tẹ bíréèkì tàbí kó yà bí ó bá rí ewu níwájú, ìyẹn á sì dín agbára ìkọlù náà kù. Ẹni tó ń sùn kò ní tẹ nǹkan kan. Ọ̀nà wa sì kún fún àwọn tírélà tó bàjẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ létí títì láìsí iná àti àmì, èyí tí ọkọ̀ akérò lè wọ abẹ́ rẹ̀ tefétefé.

Ní 2016, AAA Foundation, àjọ kan tó ń ṣèwádìí lórí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn awakọ̀ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n rí i pé àwọn tó sùn fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún láàárín wákàtí 24 tó ṣáájú ní ewu ìjàǹbá tó ju ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tó sùn fún wákàtí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe àwọn tí kò sùn rárá ni wọ́n ń sọ. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní oorun tó tó.

Àwọn awakọ̀ wa mọ̀ pé oorun jẹ́ ọ̀tá wọn lójú ọ̀nà, wọ́n sì ní ohun ìjà tí wọ́n ń lò. Wọ́n ń jẹ obì, wọ́n ń ṣí fèrèsé sílẹ̀, wọ́n ń gbé orin sókè, wọ́n ń fi ìpara tó ń ta ojú pa abẹ́ ojú, wọ́n ń mu àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fún ara lágbára. Obì nìkan ni a lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú ohun tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa, nítorí pé èròjà caffeine tó wà nínú kọfí wà nínú rẹ̀. Ohun tí caffeine ń ṣe ni pé ó ń jókòó sí ìjókòó adenosine nínú ọpọlọ, tí ọpọlọ kò fi ní mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Kò gbá adenosine náà dànù. Ó wà níbẹ̀, ó ń pọ̀ sí i, ọjọ́ tí agbára obì bá sì tán lójú ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ yóò bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ti páragá àti tramadol kò tilẹ̀ ṣe é fi wé obì. Páragá jẹ́ ọtí, ọtí sì máa ń fa oorun wá ni. Tramadol jẹ́ oògùn ìrora líle tó lè mú orí fò, tó lè mú gìrì wá, tó sì ń di bárakú. Ó bà mí nínú jẹ́ púpọ̀ pé inú gáréèjì gan-an ni wọ́n ti ń ta méjèèjì fún ẹni tí yóò gbé èrò.

Ìlú tí òfin ti múlẹ̀ pàápàá ti rí ìjìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì, 2001, nítòsí abúlé Great Heck ní àríwá England, ọkùnrin kan tó ti lo ọ̀pọ̀ wákàtí òru lórí fóònù dípò kó sùn wa ọkọ̀ jíìpù tó ń fa ọkọ̀ mìíràn lẹ́yìn. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó sì yí wálẹ̀ sórí ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin akérò kọlù ú, ó yẹ̀ kúrò lójú irin, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù tó ń bọ̀ láti òdìkejì sì tún kọlu ìyẹn. Ènìyàn 10 ló kú. Ọkùnrin náà kò farapa púpọ̀, ó sì ṣàlàyé nílé ẹjọ́ pé òun kò sùn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà kò gbà á gbọ́, adájọ́ sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹjọ́ yẹn ni pé ilé ẹjọ́ kò wo ìṣẹ́jú àáyá tí oorun gbé e lọ nìkan. Wọ́n wo òru tó ṣáájú, wọ́n sì gbà pé ìgbà tó pinnu láti wakọ̀ láìsùn ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjàǹbá bàálù Air India Express tó ṣẹlẹ̀ ní Mangalore ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, 2010, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Bàálù náà ń bọ̀ láti Dubai, ó sáré kọjá òpin pápá, ó sì já sí àfonífojì, ènìyàn 158 kú. Àwọn olùwádìí gbọ́ ìró bí ọ̀gá awakọ̀ bàálù náà ṣe ń hanrun nínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ó ti jí kí wọ́n tó balẹ̀, ṣùgbọ́n oorun kò tíì dá lójú rẹ̀ tán, wọ́n sì ka èyí mọ́ ohun tó dá kún àṣìṣe rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo awakọ̀ tí mo bá mọ̀ pé kí wọ́n má ṣe jí láti inú oorun kí wọ́n sì tẹ iná mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Bí oorun bá ń kùn ọ́ lójú ọ̀nà, ya síbi tó ní ààbò, irú ibùdó àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà ní Ògèrè, jẹ obì rẹ tàbí mu kọfí rẹ kí o tó sùn, sùn fún ìṣẹ́jú 20, kí o sì sọ̀kalẹ̀ rìn, kí o bọ́jú, fún bí ìṣẹ́jú 15 sí i. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni caffeine máa ń lò kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà, oorun àti obì yóò ràn ara wọn lọ́wọ́. Èyí á gbé ọ dé ibi tí o ti lè sùn dáadáa. Kò lè rọ́pò oorun òru.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ ìjàǹbá láti òkè, ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò kọlu ohunkóhun títí tó fi fẹ̀yìn tì náà ń san gbèsè oorun lára rẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn máa ń rọlẹ̀ bí ó bá sùn lóru. Ẹni tí kò sùn kò fún ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìsinmi yẹn, ìdí sì nìyí tí àìsùntó fi máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ rìn. Ara rẹ̀ kì í lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ebi á sì máa pa á ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá fún ohun dídùn àti ohun ọlọ́ràá. Agbára tí ara fi ń bá àrùn jà á dínkù pẹ̀lú: nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2009, wọ́n fi kòkòrò ọ̀fìnkìn sí imú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, àwọn tí kì í sùn tó wákàtí méje sì kó ọ̀fìnkìn náà ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju àwọn tó ń sùn fún wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ tilẹ̀ sọ ní 2007 pé iṣẹ́ òru tó ń da aago inú ara rú ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ, wọ́n sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2019.

Ìhanrun wà lára ohun tí kò yẹ kí a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé mọ́. Kì í ṣe gbogbo ìhanrun ló jẹ́ àrùn, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń hanrun kíkan, tí èémí rẹ̀ dédé dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó wá ta gìrì bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń dí. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní wákàtí kan láìjẹ́ pé ó rántí ọ̀kankan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sùn fún wákàtí mẹ́jọ kó sì jí pẹ̀lú orí fífọ́, kó máa tòògbé lórí ìjókòó lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin ìyàwó awakọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń gbọ́ ọ. Ẹ sọ fún un, kí ẹ sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú wà: ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú lóru, bí ẹ̀rọ náà bá sì wọ́n jù, dídín ìsanra kù díẹ̀ fún ẹni tó sanra, fífi ẹ̀gbẹ́ sùn, àti jíjáwọ́ nínú ọtí alẹ́ máa ń ràn án lọ́wọ́.

Àwọn onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà fẹnu kò ní 2015 pé wákàtí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àgbàlagbà nílò lálẹ́ kan. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń gbé ní Mowe tàbí Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tó ń jí ní aago mẹ́rin kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má baà ká a mọ́, tí kò sì padà dé títí aago mẹ́sàn-án alẹ́, yóò béèrè ibi tí òun ti máa rí wákàtí méje. Ìbéèrè gidi ni, n kò sì lè dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ràn nípa fóònù nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ń jí wákàtí kan gbé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹni bẹ́ẹ̀ ka ìrìn àjò náà mọ́ ewu, kó wọ ọkọ̀ akérò dípò kó wakọ̀ fúnra rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kó má sì gbà láti wakọ̀ lọ sí òde ìsìnkú ní ìdájí Sátidé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ń sùn sí náà gbọ́dọ̀ ní ààbò. Nítorí ooru àti àìsí iná, ọ̀pọ̀ ilé ń tan jẹnẹrétọ̀ sùn, àwọn mìíràn sì ń gbé e sí ẹ̀yìn fèrèsé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má baà gbé e. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide tó ń ti ara rẹ̀ jáde kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ti pa odindi ẹbí mọ́ ojú oorun. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé pátápátá, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó sùn. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí pé ẹ̀fọn tó ń fa ibà, òru ló ń jẹ ènìyàn jù.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀. Òfin Yúróòpù sọ pé awakọ̀ ọkọ̀ ńlá kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ láìsinmi fún ìṣẹ́jú 45, àti pé wákàtí mẹ́sàn-án ni òpin ìwakọ̀ lójúmọ́, àyàfi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó lè di mẹ́wàá. Kò sí ohun tó ní kí olówó ọkọ̀ nílẹ̀ wa dúró de irú òfin bẹ́ẹ̀ kó tó fi awakọ̀ méjì sínú ọkọ̀ òru. Kò sì sí ohun tó dí ẹgbẹ́ onímọ́tò lọ́wọ́ láti ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú gáréèjì, kí wọ́n fi ibùsùn, fáànù àti àwọ̀n ẹ̀fọn sí i, kí wọ́n sì máa kọ wákàtí tí awakọ̀ fi sùn sínú ìwé kan náà tí wọ́n ń kọ orúkọ èrò sí. Bí wọ́n ṣe ń san owó fún awakọ̀ náà nílò àtúnṣe: ẹni tí owó rẹ̀ dá lórí iye ìgbà tó lọ tó bọ̀ kò lè yan oorun, bó ti wù kí a wàásù fún un tó.

Àwa èrò náà ní ohun tí a lè ṣe. Bí ìrìn àjò náà kò bá kánjú, ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀. Kí ẹ tó wọlé, ẹ bi awakọ̀ léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí oorun sùn lónìí?” Bí ẹ bá jókòó síwájú, ẹ má sùn, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa wo bóyá ó ń yán léraléra, bóyá ó ń nu ojú, bóyá ọkọ̀ ń yà sí ìlà kejì kó tó fà á padà. Bí ẹ bá rí i, ẹ má bú u, nítorí ẹni tí wọ́n bá bú níwájú èrò lè fi ìbínú tẹ̀ síwájú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró níbi tí iná àti ènìyàn bá wà. Bí ó bá sì dúró, kí ẹnikẹ́ni má kanra mọ́ ọn nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú tàbí pé wọ́n ń dúró dè é nílé: ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20 láti sùn, àti 15 mìíràn láti rìn kiri kí ojú rẹ̀ tó dá.